Ẹni mẹ́fà, ọjọ́ márùn-ún ní Èkó: báwo la ṣe máa jẹun tówó ò fi ní tán lọ́wọ́ wa?

ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ìsinmi àwọn ọmọ ń bọ̀, èmi àti baálé mi sì ti ṣèlérí fún wọn pé a máa kó wọn lọ sí Èkó. Àwọn ìbejì ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi náà fẹ́ bá wa lọ, nítorí náà mẹ́fà ni gbogbo wa. A ti sanwó ilé kékeré kan ní Yábà. A ó dé lọ́jọ́ Ajé, a ó sì kúrò láàárọ̀ Sátidé. Àwọn ọmọ fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n fẹ́ rí òkun, wọ́n sì fẹ́ gun afárá orí igi tó wà ní Lekki. Bàbá wọn fẹ́ dé Àgbádárìgì.

Oúnjẹ ló ń kọ mí lóminú. ₦150,000 la yà sọ́tọ̀ fún jíjẹ àti mímu, kò sì síbi tí òmíràn ti máa wá kún un. Àbúrò mi tó kó ìdílé rẹ̀ lọ nígbà Àjíǹde tó kọjá sọ fún mi pé oúnjẹ gan-an kọ́ ló gbówó lọ, ìpápánu ni: gálà níbí, áísìkirimù lọ́hùn-ún, omi tútù, mínírà. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti na owó ọjọ́ kejì mọ́ ọn.

Ìyá ọkọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n lè jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Èkó, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ọmọ lọ rí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ká ṣe?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Ìyá ìbejì, ẹ káàbọ̀ ṣáájú. Yábà tẹ́ ẹ mú yẹn, ẹ mú un re.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé Èkó méjì ló wà tó bá di ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ. Owó tẹ́ ẹ fi máa yó bámúbámú ní Yábà, Súrùlérè, Èbúté Mẹ́tta tàbí Múṣin, ìpápánu ló máa rà fún yín tẹ́ ẹ bá dé Victoria Island àti Lekki. Òfin tí mo fi lélẹ̀ nílé mi ni pé a gbọ́dọ̀ jẹun yó ká tó gun afárá. Afárá Third Mainland lé ní kìlómítà 11. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín lórí ẹ̀, kò síbi tẹ́ ẹ lè bọ́ sí wá oúnjẹ, tébi bá sì ti ń pa ọmọ, ohunkóhun tí òbí bá kọ́kọ́ rí lódì kejì ló máa rà, iye yòówù kí wọ́n pè é.

Láàárọ̀, ẹ̀wà Àgànyìn àti búrẹ́dì Agége. N ò tíì rí oúnjẹ mìíràn tó ń gbé ọmọ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní iye yẹn. Ẹ tètè jáde, nítorí ẹ̀wà tó dáa kì í pẹ́ tán nínú ìkòkò. Ẹ sì mú abọ́ tiyín dání. Láti oṣù kìíní 2024 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ló sì ń gbowó abọ́ oníke lọ́tọ̀ báyìí. Abọ́ mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ ṣírò ẹ̀ wò.

Lọ́sàn-án, búkà. White House wà ní Yábà níbẹ̀, Àmàlà Ṣítta àti Ọláìyá wà ní Súrùlérè. Ẹ máa gbádùn wọn.

Ti Lekki yẹn, ẹ má gbé oúnjẹ sọ́wọ́ gbangba tẹ́ ẹ bá wọ inú igbó tí afárá orí igi wà. Àwọn ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í tijú láti já a gbà lọ́wọ́ ọmọdé.

Olùkọ́_Ìlọrin
Mo máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí Èkó fún ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, owó tí wọ́n sì máa ń fún wa kì í tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. ₦150,000 lọ́nà márùn-ún, ₦30,000 lóòjọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pín in fẹ́ni mẹ́fà, ₦5,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, omi àti ìpápánu ló wà nínú ẹ̀. Kò ní tó tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ lẹ máa jókòó sí búkà.

Sísè ni. Ẹ di oúnjẹ láti Òṣogbo: gàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, ìrẹsì, epo, ẹja gbígbẹ, ata gígún. Ẹ din ata dáadáa títí omi inú ẹ̀ á fi gbẹ pátápátá, ẹ dì í sínú ike tó mọ́, ẹ̀ ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí dínwó nílé ju Èkó lọ. Tẹ́ ẹ bá sì máa ra oúnjẹ lọ́jà Èkó, ẹ ṣọ́ra fún òṣùwọ̀n. Kóńgò tẹ́ ẹ mọ̀ nílé kọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀pọ̀ nǹkan níbẹ̀. Dérìká (agolo tòmátò) àti ike ọ̀dà ni wọ́n ń lò, ìdí ike mìíràn sì ti ga sókè.

Láàárọ̀ kùtù, ẹ se ìrẹsì, ẹ kó o sí kúlà, ẹ gbé e jáde. Ẹ ò ní ra oúnjẹ ọ̀sán rárá nìyẹn.

Ní ti ìpápánu, ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà yẹn ló dáa jù nílẹ̀ Yorùbá. Tẹ́ ẹ bá gba Gbọ̀ngán, ẹ máa kọjá ní Ìkirè. Ẹ dúró ra dòdò Ìkirè. Ẹ ra kúlíkúlí, róbó, àádùn, ìpékéré, gúgúrú àti ẹ̀pà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ wá pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, ọ̀rá kan fún ọmọ kan lóòjọ́. Ọmọ tó ti ní tiẹ̀ lápò kò ní máa nàka sí ti ẹni tó ń kiri.

Ẹ̀yin ò sọ fún wa bóyá ilé náà ní ilé ìdáná o.

Alásè_Yábà
Ìyá ìbejì, ẹ kú ìmúra. Búkà ni mò ń ṣe, Yábà níbí náà ni, ó sì ti pẹ́. N ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí ìpolówó kọ́ ni mo bá wá.

Àwọn búkà olórúkọ tí Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kà sílẹ̀ yẹn, oúnjẹ wọn dùn. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan, káwọn ọmọ lè ròyìn ẹ̀ nílé ìwé. Àmọ́ ẹ má fi ṣe ibi ìjẹun ojoojúmọ́, torí ẹ máa sanwó orúkọ mọ́ owó oúnjẹ. Ibi táwọn awakọ̀, àwọn télọ̀ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹ ni kẹ́ ẹ wá lọ. Yábàtẹ́ẹ̀kì wà lọ́dọ̀ wa níbí, Yunifásítì Èkó wà ní Àkọkà. Bí oúnjẹ àyíká wọn bá wọ́n ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ, alásè á kógbá wọlé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bówó ṣe ń ga nínú àwo. Òkèlè kọ́ ló ń gbé e ga, ẹran ni. Tí alásè bá bi yín pé "ẹran mélòó ni ká fi sí i?", tẹ́ ẹ sì dáhùn láìtíì mọ iye ẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá jẹun tán lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ owó. Kí wọ́n tó bu nǹkan kan, ẹ béèrè iye òkèlè kan, iye ẹran kan, iye ẹja, iye ṣàkì, iye pọ̀nmọ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò nílò àwo tiẹ̀. Ẹ ra òkèlè kan kún tiyín, kẹ́ ẹ gba àwo òfìfo kan. Kò sí alásè tó máa bínú sí i. Àwọn ìbejì lè pín ìrẹsì àti dòdò, kẹ́ ẹ ra ẹyin síse kọ̀ọ̀kan fún wọn dípò ẹran.

Ọ̀pọ̀ àlejò ni kò mọ̀ pé a máa ń ta ọbẹ̀ lásán. Ẹ gbé abọ́ tó ní ìdérí wá ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tí ọbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bu ẹ̀fọ́ rírò tàbí ẹ̀gúsí tó máa tó ẹni mẹ́fà fún yín. Ẹ wá lọ ro èlùbọ́ tẹ́ ẹ gbé láti Òṣogbo nílé. Ó dínwó ju kí gbogbo yín jókòó sí búkà lọ, ó sì tún dínwó ju kẹ́ ẹ lọ máa ra ata, tòmátò, àlùbọ́sà àti ẹran ní ẹyọ ẹyọ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ ò ka owó gáàsì mọ́ tiwọn, wọn ò sì ka ìyá ìbejì fúnra wọn mọ́ ọn. Obìnrin tó lọ sìnmi, tó tún ń jí láago mẹ́rin òru láti dáná fẹ́ni mẹ́fà, ìgbà wo ló máa sìnmi?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ná oúnjẹ tó ti jinná. Ẹ béèrè èènì, a ó bu ọbẹ̀ kún un tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àmọ́ owó ẹran àti owó epo yẹn, a ti san án kílẹ̀ tó mọ́. Ọjà ni wọ́n ti ń ná nǹkan.

Dáyọ̀_Peckham
Ẹ kú àsìkò yìí, mà. London ni mò ń gbé, mo sì máa ń kó àwọn ọmọ mi wá sí Èkó.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé tí a bá ti dé, mo máa ń kọ́kọ́ lọ sí supamákẹ́ẹ̀tì ńlá kan. Mo máa ra kọnfíléèkì, wàrà, búrẹ́dì, bísíkíìtì àti júùsì tó máa tó wa lò. Wọ́n lẹ iye mọ́ ọn, ẹnì kankan ò ní fi àlejò rẹ́ yín jẹ.

Ọ̀nà kejì wà fún àwọn ìbejì, nítorí wọ́n ti dàgbà tó láti mọ iye owó. Mo máa ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lówó ìpápánu tiẹ̀ láàárọ̀. Tó bá tán, ó tán. Ìgbà tó bá jẹ́ owó mi ni, gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń bèèrè. Tó bá ti di owó wọn, wọ́n á máa ro ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì máa ń mú èyí tó ṣẹ́ kù lọ sílé.

Akọ̀wé_Ọjọ́ta
Ẹ̀gbọ́n Dáyọ̀, owó ìpápánu tẹ́ ẹ ní káwọn ọmọ mú dání yẹn, ó dáa gan-an. Ti supamákẹ́ẹ̀tì ni n ò fara mọ́. Ohun tó bá owó ilẹ̀ òkèèrè mu lè wọ́n jù fún ẹni tó ń gbowó oṣù níbí. Kọnfíléèkì páálí kan tí ọmọ mẹ́ta máa jẹ tán láàárọ̀ ọjọ́ méjì, iye ẹ̀ á ra ògì, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín fún gbogbo ilé. Tí ìyá ìbejì bá fẹ́ wàrà, kí wọ́n ra ti inú ọ̀rá kéékèèké ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò.

Ẹ sì kíyè sí bíìlì àwọn ilé oúnjẹ ńlá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Iye tó wà lórí ìwé oúnjẹ kọ́ ni iye tẹ́ ẹ máa san. VAT 7.5% máa ń wà lórí ẹ̀, owó orí ìpínlẹ̀ 5% sì máa ń tẹ̀ lé e. Oúnjẹ ₦20,000 ti di ₦22,500 nìyẹn, àwọn mìíràn á tún fi owó iṣẹ́ kún un. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó jókòó bóyá owó orí ti wà nínú iye tí wọ́n kọ.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ jẹun lẹ́ẹ̀mejì péré lóòjọ́. Ẹ jẹ ẹ̀bà gidi láago mẹ́wàá àárọ̀, kẹ́ ẹ tún jẹun láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá padà délé. Ẹ fo ti ọ̀sán. Ẹni tó ń rìn kiri ò ní rántí ebi.

ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Ilé ìdáná wà. Sítóòfù onígáàsì olójú méjì ló wà níbẹ̀, ìkòkò mẹ́ta, àti fíríìjì. Onílé sọ pé bí kò bá sí iná, alẹ́ nìkan làwọn máa ń tan jẹnẹrétọ̀.

Àǹtí Alásè, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ti ká ra ọbẹ̀ lásán yẹn, n ò gbọ́ ọ rí. Omi ńkọ́ o? Ohun tí àbúrò mi ráhùn lé lórí jù nìyẹn, omi inú ike tí wọ́n ń rà ní títì.

Awakọ̀_Òṣòdì
Omi ni kẹ́ ẹ jẹ́ n dáhùn, nítorí ojú títì ni mò ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ ra omi inú ọ̀rá ní àpò. Ogún ni ó máa ń wà nínú àpò kan, sẹ̀ǹtílítà 50 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, lítà mẹ́wàá ni gbogbo ẹ̀. Ẹni mẹ́fà, mẹ́ta mẹ́ta, méjìdínlógún ti lọ, méjì ṣẹ́ kù. Àpò kan lóòjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yín nìyẹn, owó tẹ́ ẹ sì máa san lórí ẹ̀ kò ní pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oníke tí wọ́n ń tà láàárín ọkọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, ẹ kó mẹ́fà sí ibi tí fíríìjì ti ń di nǹkan. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n ti di yìnyín. Ẹ tò wọ́n sí ìdí kúlà, kẹ́ ẹ to ìyókù lé e lórí. Omi yín á tutù di ọ̀sán láìra yìnyín.

Gálà àti mínírà, tó bá jẹ́ dandan káwọn ọmọ jẹ ẹ́, ẹ rà á ní páálí tàbí ní dọ́sìnnì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà fún àwọn tó ń kiri. Wọ́n wà ní Òṣòdì, wọ́n wà ní Òyìngbò. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn tẹ́ ẹ sì ń rajà lójú fèrèsé, ẹ ò ní rí ọjọ́ tí wọ́n fi parí lára ẹ̀ kà, bẹ́ẹ̀ ni ṣéńjì lè má dé ọwọ́ yín. Òfin sì wà lórí ẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2003 tó de kíkiri ọjà lójú títì mú ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà: ìtanràn ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Àmọ́ àkókò tẹ́ ẹ máa jáde lọ́rọ̀ pọ̀ sí jù. Owó ìpápánu Èkó, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ̀pọ̀ ẹ̀ ń lọ. Tẹ́ ẹ bá lọ sí Lekki, ẹ gbéra láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kẹ́ ẹ sì ti máa padà bọ̀ láago méjì ọ̀sán. Ẹni tó bá kúrò ní Lekki láago márùn-ún, tó ní ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀, ó máa rajà ni, kò sí bó ṣe lè ṣe é.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, òótọ́ lẹ sọ nípa òfin, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni gbogbo wa ń rí i pé àwọn èèyàn ń rà. Ẹ má jẹ́ káwọn àlejò bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà kò lè kó wọn sí wàhálà.

Awakọ̀_Òṣòdì
Àbúrò mi, wọ́n kì í mú ẹni tó mọ ibi tí àwọn agbófinró máa ń dúró sí. Àlejò ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní ₦150,000 fún gbogbo ìrìn-àjò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìtanràn ₦90,000 nítorí gálà kan. Oníbọ̀ọ̀lì tó ní ìsọ̀ tiẹ̀ lójú kan, ìyẹn ò sí nínú ohun tí mò ń sọ.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹjà
Ìyá ìbejì, ẹ káalẹ́. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, àwọn ibì kan wà tí n ò lè dákẹ́ sí.

Akọ̀wé Ọjọ́ta, ẹ jọ̀wọ́, kí màmá má fo oúnjẹ ọ̀sán o. Àwọn oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan wà, àti abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tó jẹ́ pé tí ẹni tó lò ó ò bá jẹun lásìkò, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò wọ́n, ojú á máa ṣú wọn, wọ́n sì lè dákú. Kí màmá bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò yìí kẹ́ ẹ tó gbéra. Lójoojúmọ́, kí ẹ̀pà, ẹyin síse méjì, ìgbá tàbí apálá wà nínú báàgì wọn. Kí ṣúgà díẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ tí wọn ò ní fọwọ́ kàn àyàfi tí ara bá ń gbọ̀n bí mo ṣe wí. Ìyẹn ò ná yín ní nǹkan kan, owó ilé ìwòsàn ló máa tú àpò yín ká. Bọ̀ọ̀lì tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀ ò tíì pọ́n dáa fún wọn. Dòdò Ìkirè tí ẹ̀gbọ́n olùkọ́ yìn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ kó o fún.

Ìrẹsì inú kúlà ńkọ́? Ó dáa tí wọ́n bá rọ ọ́ sínú ẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná gan-an, tí wọ́n sì jẹ ẹ́ tán kó tó di ọ̀sán. Ìrẹsì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, kòkòrò máa ń hù sí i, gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kì í sì í mú oró rẹ̀ kúrò. Tó bá ti di aago mẹ́ta tó ṣì ṣẹ́ kù, ẹ dà á nù, kó tiẹ̀ dùn yín.

Ẹ ra zobo, kúnú àti ohun mímu òfíò lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, tẹ́ ò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí onígbáméjì jà ní Èkó lóṣù kẹfà 2024, ohun mímu òfíò inú ike tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ohun tí ìjọba nàka sí. Kí ọmọ ọdún mẹ́rin má fẹnu kan omi ẹ̀rọ ilé náà láìsè é. Ẹ mú ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ṣu gbuuru, díẹ̀ dání láti ilé.

Olùkọ́_Ìlọrin
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń jẹ ti inú kúlà, èmi náà á yí i padà. Ẹ̀wà pẹ̀lú ata díndín ńkọ́, ṣé òun náà kì í pẹ́?

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹjà
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà ni. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sè, ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù. Ohun tó lè bá yín di ìrọ̀lẹ́ ni gbígbẹ: búrẹ́dì, ẹ̀pà, gàrí, ìpékéré, kúlíkúlí, èso tí ẹ ò tíì bó.

Ará_Àgbádárìgì
Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ọjọ́ tiwa o! Ìyá ìbejì, ẹ má fi Àgbádárìgì ṣe ìrìn-àjò ìdajì ọjọ́. Ọ̀nà jìn, ibi táwọn ọkọ̀ ti máa ń dúró sì pọ̀. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò ní Mile 2, kẹ́ ẹ sì fi ìpápánu gbígbẹ sọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá dé, oúnjẹ ibí dínwó ju ti Yábà lọ, ẹja tútù sì pọ̀ nítorí ọ̀sà. Ẹ jẹun nínú ìlú, nítòsí ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹrẹfu níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ nígbà òwò ẹrú. Lódì kejì, ẹ máa rìn lórí iyanrìn nínú oòrùn, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sì rí rà níbẹ̀, wọ́n ti sanwó ọkọ̀ ojú omi lé e lórí. Ẹ gbé omi kọjá.

Àgbọn ni kẹ́ ẹ rà lọ́dọ̀ wa. Ẹ ní kí wọ́n là á fún yín, káwọn ọmọ mu omi rẹ̀ dípò mínírà, kí wọ́n sì jẹ ẹran rẹ̀ nínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi délé. Gúrúndì náà wà. Àgbọn la fi ń ṣe é, ó sì máa ń pẹ́ lẹ́nu ọmọ.

Akọ̀wé_Ọjọ́ta
Nọ́ọ̀sì, mo gbà, ọ̀rọ̀ màmá ò sí lọ́kàn mi nígbà tí mo kọ ọ́. Kí àwọn tára wọn le nínú yín jẹun lẹ́ẹ̀mejì, kí màmá àtàwọn ọmọ jẹ ti ọ̀sán.

Kí n fi èyí kún un: àwọn etí òkun tí wọ́n ń gbowó ẹnu ọ̀nà, òmíràn nínú wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé kúlà wọlé, òmíràn á ní kẹ́ ẹ sanwó lórí ẹ̀. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ.

ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Mo ti jókòó pẹ̀lú bàbá ìbejì, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bá wa wò ó.

Láti ilé: èlùbọ́, gàrí, ògì gbígbẹ, epo, ata díndín, ẹja gbígbẹ, àti ìpápánu tá a ti pín sínú ọ̀rá. A ó ra dòdò Ìkirè lọ́nà fáwọn ọmọ nìkan. Láàárọ̀, ẹ̀wà Àgànyìn àti búrẹ́dì lọ́jọ́ méjì, ògì àti àkàrà lọ́jọ́ yòókù. Màmá á jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án, búkà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ká sì pín àwo bí Àǹtí Alásè ṣe wí. Lálẹ́, ọbẹ̀ rírà àti òkèlè tá a rò nílé. Ọjọ́ Rú la máa fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ìbejì á gba ₦1,000 kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ fún ìpápánu tiwọn, inú wọn sì ti ń dùn láti ìsinsìnyí.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé Mile 12 ni ká ti lọ ra èso àti ata, ẹnìkan ní ibẹ̀ ló dínwó jù ní Èkó? Àti pé onílé ní gáàsì wà nínú ilé, ṣùgbọ́n kò sọ iye tó wà nínú ẹ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Ẹ má lọ sí Mile 12. Òótọ́ ni pé ó dínwó, àmọ́ fún ẹni tó ń ra apẹ̀rẹ̀ ni. Owó ọkọ̀ yín á jẹ èrè náà tán, ìdajì ọjọ́ á sì bá a lọ. Òyìngbò ni kẹ́ ẹ lọ. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa tó ń bọ̀ láti Agbádó máa ń dúró ní Yábà, Òyìngbò ló sì parí sí. Lọ́jọ́ Rú tẹ́ ẹ fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin yẹn, ẹ lè fi í lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gba káàdì Cowry, òun ni wọ́n fi ń sanwó, ẹ má retí pé wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ná ọ̀pẹ̀-òyìnbó àti ọsàn dáadáa, kẹ́ ẹ sì béèrè èènì.

Alásè_Yábà
Ètò yín dáa, ìyá ìbejì. Ẹ máa ra ọbẹ̀ alẹ́ ti ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan, tí iná bá wà fún fíríìjì. Tí kò bá sí iná, ẹ máa rà á lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì gbé e ká iná dáadáa kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́.

Ní ti gáàsì, ẹ ní kí onílé gbé e lé òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ tó wọlé, tàbí kó ya fọ́tò rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Wọ́n máa ń tẹ ìwúwo sílíńdà òfìfo sára rẹ̀ lókè. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú ohun tó wọ̀n, ìyókù ni gáàsì tó wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín pé òun lòun máa rọ ọ́ tó bá tán. Tó bá ní ẹ̀yin lẹ máa rọ ọ́, ẹ ka owó náà mọ́ ₦150,000 yẹn láti ìsinsìnyí.

ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ó ní kílò mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, àti pé òun lòun máa rọ ọ́. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará.